Ẹ̀gbọ́n Wọ Bàálù, Àbúrò Wọ Mọ́tò: Ta Ló Kọ́kọ́ Dé Èkó?

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ gbọ́ ná. Bí wọ́n bá bi yín pé wákàtí mélòó ni láti Àkúrẹ́ dé Èkó, kí lẹ máa fèsì? Onímọ́tò á ní wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́fà, bí ọ̀nà bá dára. Ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bàálù á ní ìṣẹ́jú 45. Àwọn méjèèjì ò purọ́. Síbẹ̀, èsì méjì yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ da àárín ọmọ ìyá méjì rú nígbà ọyẹ́, ní Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024.

Ẹ̀gbọ́n ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́. Àǹkárá ni o, léèsì ni o, kò sí èyí tí kò sí ní ìsọ̀ rẹ̀. Ìyá Aláṣọ ni gbogbo ọjà ń pè é. Àbúrò rẹ̀ ń ta epo pupa, Ìyá Elépo lòun. Ìyá kan náà, bàbá kan náà ló bí wọn. Màmá wọn tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún ń gbé lọ́dọ̀ àbígbẹ̀yìn wọn, ọkùnrin, ní Sùúrùlérè, l'Ékòó.

Lálẹ́ ọjọ́ Ajé kan, fóònù dún. Màmá ti yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀. Egungun ìbàdí ti ṣẹ́. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ló kù, Ọjọ́bọ̀, aago méjì ọ̀sán. Màmá ní òun gbà, ṣùgbọ́n ó ní ohun kan tóun fẹ́.

"Wọn ò ní gún mi lábẹ́rẹ́ oorun kí n tó fojú kan àwọn ọmọbìnrin mi méjèèjì. Àgbà tó bá sun irú oorun yẹn, ta ló mọ ibi tó máa jí sí?"

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Ìyá Elépo wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìsọ̀.

"Àǹtí mi, ẹ jẹ́ ká jọ wọ mọ́tò aago mẹ́fà ìdájí lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Kó tó di aago kan ọ̀sán, a ti wà lọ́dọ̀ Màmá."

Ìyá Aláṣọ bú sẹ́rìn-ín. "Èmi? Kí n jókòó sójú kan fún wákàtí mẹ́fà kí ẹ̀yìn máa ro mí? Ọmọ mi ti bá mi ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù. Aago mẹ́wàá ààbọ̀ ló máa gbéra. Ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta péré, mo ti dé Ìkẹjà! Kó o tó dé Ọ̀jọ́ta, mo ti jókòó ti Màmá."

"Ẹ wá bá mi gbé kẹ́ẹ̀gì epo kan dání fún wọn nílé."

"Epo kẹ̀? Nínú bàálù? Ṣé o fẹ́ kí wọ́n lé mi bọ́ sílẹ̀ ni?"

Owó tíkẹ́ẹ̀tì náà ju ìlọ́po mẹ́rin owó mọ́tò lọ. Ìyá Elépo mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan. Ó kàn ní, "Kò burú, Àǹtí mi. Ẹ bá mi kí Màmá bẹ́ ẹ bá ṣáájú." Ó gbé orí, ó lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yẹn dùn ún dé ọkàn.

Ọjọ́bọ̀ pé. Aago márùn-ún ìdájí, Ìyá Elépo ti kúrò nílé pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì epo rẹ̀. Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀, mọ́tò gbéra. Wọ́n gba Oǹdó, wọ́n já sí Ọ̀rẹ̀, wọ́n kọrí sí Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣàgámù. Ọ̀nà náà lé díẹ̀ ní kìlómítà 300. Kòtò wà níbẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń dá mọ́tò dúró wà níbẹ̀, ọyẹ́ sì mú débi pé gbogbo ọkọ̀ ló tan iná. Àmọ́ mọ́tò ń rìn. Bí ọyẹ́ bá mú, onímọ́tò á rọra máa sáré, kò ní torí ẹ̀ má lọ.

Ní ti Ìyá Aláṣọ, aago mẹ́jọ ló tó jáde nílé, ó wọ léèsì, ó wé gèlè. Aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ti dé pápákọ̀ òfuurufú Àkúrẹ́ tó wà lọ́hùn-ún l'Ọ́ba-Ilé. Wọ́n wọn ẹrù rẹ̀, wọ́n yẹ ara rẹ̀ wò, wọ́n ní kó jókòó. Aago mẹ́wàá ààbọ̀ lù, kò rí bàálù. Aago mọ́kànlá lù, kò sí ohun tó dún lókè.

Ó dìde lọ bá ọmọbìnrin kan tó wọ yúnífọ́ọ̀mù.

"Ọmọ mi, bàálù wa dà?"

"Ẹ má bínú, Mà. Èkó ló ti ń bọ̀. Òun ló máa gbé àwọn tó ń bọ̀ ní Àkúrẹ́ wá, òun náà ló máa gbé yín padà. Ọyẹ́ ni ò jẹ́ kó tíì gbéra."

Ìyá Aláṣọ dúró, ẹnu yà á. Ó ti rò pé bàálù ń dúró dè òun ní pápá ni, bí mọ́tò ṣe máa ń dúró de èrò ní gáréèjì. Kò mọ̀ pé bàálù tó máa gbé òun ò tíì kúrò ní ìlú tóun ń lọ. Ọyẹ́ yìí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Eruku láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni atẹ́gùn ń gbé wá láti àríwá, á bo ojú sánmà bí ẹní fi aṣọ bò ó. Bí awakọ̀ bàálù ò bá lè ríran dé ìwọ̀n tí òfin sọ, kò gbọdọ̀ balẹ̀. Ẹni tó bá ń bínú sí i ń bínú sí ẹni tó fẹ́ dá ẹ̀mí rẹ̀ sí.

Ọ̀dọ́kùnrin kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, oníṣẹ́ ẹ̀rọ ni, ó ti wọ bàálù lọ, ó ti wọ̀ ọ́ bọ̀. Ó rí i pé inú ìyá náà ò dùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀.

"Màmá, iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?"

"Aṣọ ni mò ń tà."

"Ó dáa. Bẹ́ ẹ bá na tẹ́ẹ̀pù láti etí aṣọ kan dé etí kejì lọ́gbọọrọ, iye kan lẹ máa rí. Bẹ́ ẹ bá wá ń tẹ̀ lé ọ̀nà tí wọ́n rán mọ́ aṣọ náà, tó ń wọ́ kiri, ṣé iye kan náà ni?"

"Rárá o. Èyí tó ń wọ́ kiri á gùn jù."

"Bí ojú òfuurufú àti ojú títì ṣe rí nìyẹn. Láti ibi tá a jókòó sí yìí dé pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed n'Íkẹjà, bí ẹyẹ bá fò ó lọ́gbọọrọ, nǹkan bíi kìlómítà 231 ni. Ojú títì ló lé ní 300."

Ìyá Aláṣọ rò ó wò. "Bàálù sì ń sáré ju mọ́tò lọ dáadáa."

"Ó ń sáré gan-an. Bàálù jẹ́ẹ̀tì ńlá lè sá tó kìlómítà 800 láàárín wákàtí kan."

"Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí 231 máà ju ogún ìṣẹ́jú lọ! Kí ni wọ́n wá ń fi 45 ṣe?" Oníṣòwò ni, ẹ má gbàgbé. Kò sí ìṣirò tó lè kọjá lójú rẹ̀.

Ọ̀dọ́kùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní ìbéèrè tó bójú mu nìyẹn. Ó ṣàlàyé pé eré 800 yẹn, ìgbà tí bàálù bá ti gòkè pátápátá ló máa ń sá a. Bó bá ń gòkè, díẹ̀díẹ̀ ni. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni. Láti Àkúrẹ́ sí Èkó, kò tíì gòkè tán tó fi ń múra àtisọ̀. Ó tún ní ìṣẹ́jú 45 tí wọ́n kọ kì í ṣe ti fífò nìkan. Láti ìgbà tí bàálù bá ti ṣí ẹsẹ̀ níbi tó dúró sí l'Ákùúrẹ́, tó ń rọra yí lọ sójú ibi tó ti máa sáré, títí ó fi dúró pátápátá n'Íkẹjà, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kà pọ̀.

"Ṣùgbọ́n Màmá," ó ní, "jíjókòó tá a jókòó yìí ò sí nínú ẹ̀. Táṣìì tó gbé yín wá látilé ò sí nínú ẹ̀. Gó-síló Èkó tẹ́ ẹ máa bá pàdé ò sí nínú ẹ̀. Bàálù ni wọ́n ka wákàtí fún. Wọn ò ka wákàtí fún yín."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ìyá Aláṣọ lára. Wọn ò ka wákàtí fún un. Kò sì tíì sí ẹni tó kà á fún òun náà rí.

Kí inú rẹ̀ lè rọ̀, ọ̀dọ́kùnrin náà sọ ìtàn mìíràn fún un. Ó ní ní àwọn erékùṣù Orkney lápá òkè Scotland, bàálù kékeré kan wà tó ń ná Westray sí Papa Westray láti ọdún 1967. Kìlómítà 2.7 ló wà láàárín wọn. Ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún un, ó sì ti fò ó rí ní ìṣẹ́jú àáyá 53. Kò sí ìrìn àjò bàálù elérò tó ní àkókò tí wọ́n kọ sílẹ̀ tó kúrú tó o láyé yìí.

"Kìlómítà méjì ààbọ̀ kẹ̀! Wọn ò lè fẹsẹ̀ rìn ín ni?"

"Omi òkun ló wà láàárín ẹ̀, Màmá."

"Áà!" Ìyá Aláṣọ mi orí. "Ohun tó wà láàárín ló ṣe pàtàkì, kì í ṣe bó ṣe jìnnà tó."

Aago kan ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Ìyá Elépo wọ ilé ìwòsàn ní Sùúrùlérè, eruku bo orí rẹ̀, epo ta sí ìró rẹ̀. Ìdájí tó ti kúrò nílé ti di wákàtí mẹ́jọ àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Màmá dì í lọ́wọ́ mú.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ dà?"

Ọ̀rọ̀ dé. Kò tíì pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí Ìyá Elépo pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù. Ó mọ̀ pé orí àga ló ṣì wà l'Ọ́ba-Ilé. Bó bá sọ òótọ́, Màmá lè kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ní wọlé iṣẹ́ abẹ. Àwọn dókítà ti ní kò yẹ kí ọ̀rọ̀ ìbàdí àgbàlagbà sún síwájú.

"Wọ́n ti wà lókè, Màmá. Wọ́n ń bọ̀ lójú òfuurufú."

Màmá gbójú sókè, ó wo àjà ilé ìwòsàn náà bí ẹni pé ó fẹ́ rí ọmọ rẹ̀ níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. Ẹ̀yin ènìyàn mi, kì í ṣe fún ara rẹ̀. "Ọlọ́run, sọ ọmọ mi kalẹ̀ láyọ̀. Má jẹ̀ẹ́ kó já látòkè. Gbé e lé ọwọ́ rẹ." Títí wọ́n fi tì í wọlé ní aago méjì, àdúrà tó ń gbà kò yí padà.

Lásìkò yẹn gan-an ni bàálù ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀ l'Ákùúrẹ́. Ó kù díẹ̀ kó di aago méjì ààbọ̀ kó tó tún gbéra. Ìyá Aláṣọ wo aago ọwọ́ rẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ bàálù kúrò nílẹ̀, ó tún wò ó nígbà tó kan ilẹ̀ n'Íkẹjà. Ìṣẹ́jú 32 péré! Wọ́n kàn pín omi àti bisikíìtì ni, wọ́n ti ní kí wọ́n de bẹ́líìtì padà. Ó dúró gba ẹrù, ó wá táṣìì, ó bá gó-síló l'Óṣòdì. Aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú ló wọ ilé ìwòsàn náà. Gèlè rẹ̀ ṣì le gbagidi. Orí àga òfìfo ni Ìyá Elépo wà.

"Màmá ńkọ́?"

"Wọ́n ti wọlé láti aago méjì, Àǹtí mi."

Ìyá Aláṣọ tú gèlè, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tó gbọ́ àdúrà tí Màmá gbà, ó sunkún. Lẹ́yìn ẹkún ni ìbínú dé. "Kí ló dé tó o fi pa irọ́ fún un? Ó ń bẹ Ọlọ́run nítorí mi, èmi sì wà lórí àga tí mò ń jẹ ẹ̀pà!"

Ìyá Elépo náà ò dákẹ́ mọ́. "Àǹtí mi, ta ló ní kí n dé ẹ́ láyọ̀? Ẹ̀yin lẹ fi mí rẹ́rìn-ín láàárín ọjà. Ẹ ní kí n tó dé Ọ̀jọ́ta. Mo ti kọjá Ọ̀jọ́ta, mo ti dì mọ́ Màmá, ẹ ò tíì kúrò nílẹ̀!"

Àbúrò wọn ọkùnrin ló bọ́ sáàárín wọn. Télọ̀ ni, ó mọ ìwọ̀n. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àǹtí mi. Àǹtí Elépo, aago mélòó lẹ jáde nílé?"

"Aago márùn-ún ìdájí."

"Wákàtí mẹ́jọ àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àǹtí Aláṣọ, ẹ̀yin ńkọ́?"

"Aago mẹ́jọ."

"Wákàtí mẹ́jọ àti ogún ìṣẹ́jú. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló wà láàárín yín láti òwúrọ̀. Ẹni tó yára jù ò sí níbẹ̀. Ẹni tó tètè jáde ló rí Màmá."

Wọ́n dákẹ́. Kí wọ́n tó rí ohun tí wọ́n máa sọ, nọ́ọ̀sì jáde, ó ní iṣẹ́ ti parí, Màmá ń mí dáadáa. Nǹkan bí aago méje alẹ́, ó la ojú. Ó wo ọ̀tún, ó rí Ìyá Elépo. Ó wo òsì, ó rí Ìyá Aláṣọ. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"O ti sọ̀ kalẹ̀?"

"Mo ti sọ̀ kalẹ̀, Màmá."

"Ọlọ́run ṣeun." Ó tún sùn.

Ṣé ẹ rò pé ìtàn parí síbẹ̀, pé mọ́tò ló dára ju bàálù lọ? Ẹ dúró ná.

Ọjọ́ kọkànlá ni àwọn méjèèjì padà s'Ákùúrẹ́. Ọyẹ́ ti rọ̀. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni Ìyá Aláṣọ jáde ní Sùúrùlérè. Bàálù àárọ̀ ni, ó gbéra lásìkò. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ti ṣí ìsọ̀ rẹ̀ l'Ọ́jà Ọba, ó ti ta àǹkárá méjì. Wákàtí mẹ́rin ò pé.

Ìyá Elépo jáde ní aago méje. Ó ra ọjà díẹ̀ dání tí bàálù ò bá ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀ láì gba owó orí ẹ̀. Láàárín Ìjẹ̀bú-Òde sí Ọ̀rẹ̀, tírélà kan ti ṣubú dábùú ọ̀nà. Kò sí iwájú, kò sí ẹ̀yìn. Oòrùn pa wọ́n, ilẹ̀ ṣú bá wọn. Ẹ sì mọ ohun tó ń ba èrò lẹ́rù láyé ìsinsìnyí bílẹ̀ bá ṣú lójú ọ̀nà. Ìyá Aláṣọ pe fóònù títí bátìrì àbúrò rẹ̀ fi kú. Kò lè jẹun alẹ́. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni Ìyá Elépo tó kanlẹ̀kùn. Wákàtí mẹ́rìnlá!

Ìyá Aláṣọ ló ṣí ilẹ̀kùn fún un, torí ilé àbúrò rẹ̀ ló ti lọ jókòó dè é láti ìrọ̀lẹ́, ó ti gbé omi gbígbóná sílẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí.

"Àǹtí mi, ẹ ti ń retí mi látìgbà wo?"

"Látìgbà tí mo ti sọ̀ kalẹ̀," ló fèsì. Ni àwọn méjèèjì bá dì mọ́ra.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rèé. Ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sí tíkẹ́ẹ̀tì, ti bàálù ni. Tiyín bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé yín, ó sì parí sí ẹnu ọ̀nà ilé tẹ́ ẹ̀ ń lọ. Ẹ ka ti táṣìì mọ́ ọn. Ẹ ka wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ fi ṣáájú bàálù dé pápá mọ́ ọn. Ẹ ka ọyẹ́ mọ́ ọn, ẹ ka òjò mọ́ ọn, ẹ ka gó-síló mọ́ ọn.

Bí ọ̀nà bá ṣe jìn tó náà tún ni. Láti Ìkẹjà dé pápákọ̀ òfuurufú Aláákíà n'Ìbàdàn, nǹkan bíi kìlómítà 113 ni lójú òfuurufú. Títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1978 ò ju nǹkan bíi kìlómítà 127 lọ. Reluwé tuntun tí wọ́n ṣí ní Oṣù Kẹfà 2021 náà ń bẹ níbẹ̀, kìlómítà 157. Kí tọ̀hún tó wọn ẹrù tán ní pápá bàálù, ẹni tó wọ mọ́tò lè ti máa jẹ àmàlà n'Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n láti Èkó dé Àbújá, kìlómítà bí 511 ni lójú òfuurufú, ó lé ní 700 lójú títì. Nǹkan bíi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni bàálù, mọ́tò á gba odidi ọjọ́ kan. Níbẹ̀, bó bá tilẹ̀ pẹ́ wákàtí mẹ́ta kó tó gbéra, bàálù ṣì máa ṣáájú.

Àmọ́ Àkúrẹ́ sí Èkó, àárín méjèèjì ló wà. Lónìí bàálù á ṣáájú, lọ́la mọ́tò á ṣáájú. Nítorí náà, bó bá jẹ́ òwò tàbí ìgbéyàwó lẹ̀ ń lọ, ẹ wọ èyí tí agbára yín bá ká. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ń dúró dè yín tí kò lè dúró pẹ́, ẹ má wulẹ̀ béèrè èyí tó yára jù. Ẹ tètè jáde nílé. Bẹ́ ẹ bá lè lọ lọ́jọ́ tó ṣáájú, ẹ lọ lọ́jọ́ tó ṣáájú.

Màmá ti ń fi ọ̀pá rìn báyìí ní Sùúrùlérè. Bí bàálù bá fò kọjá lókè ilé, ó ṣì máa ń dúró, á gbójú sókè, á ní, "Ọlọ́run, sọ wọ́n kalẹ̀ láyọ̀." Ìyá Elépo ò tíì sọ fún un títí dòní pé àga ni Ìyá Aláṣọ wà lọ́jọ́ yẹn. Ìyá Aláṣọ náà ò sì sọ.